Kí Ẹrù Má Pa Ẹlẹ́rù

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kàbà tí ẹ ń pète àtifẹsẹ̀ rìn dé Lọ́kọ́jà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwe yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú àpò.

Ọ̀nà yẹn mọ ẹsẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, tí Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kó sòdí, fi rìn láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà láti lé àwọn jagunjagun Núpé. Àwọn aláàárù ló ń ru ẹrù wọn. Ẹ̀yin ò ní aláàárù. Ohun tí ẹ bá dì, ẹ̀yìn yín ni yóò gbé e.

Kí ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ: ẹni tó wọn kílò 70, kó má gbé ju kílò 14. Omi lítà 4 nìkan ti gba kílò 4 níbẹ̀, ẹ ò sì lè dín in kù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gààrí, ẹ̀pà àti kúlíkúlí kò wúwo, wọn kì í sì í tètè bàjẹ́. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Iyanrìn bíńtín tó wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀ lè mú gìgísẹ̀ lé ròrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbàrà tí ibì kan bá ti ń ta yín, ẹ jókòó, ẹ gbọn ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi báńdéèjì lẹ ojú ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ó di abúlé tó kàn, títiro ni yóò tiro débẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Lásìkò ajínigbé yìí, ẹ bi àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ kí ẹ tó wọ ọ̀nà oko. Ẹ má dá rìn, ẹ má rìn lóru. Lọ́nà Ọbájànà, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, torí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì.

Tó bá di ọjọ́ kẹta, tí gbogbo ara ń ro, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Ẹ má dá a lóhùn nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, kí ẹ pinnu.

Ẹni tó bá sì padà sílé kò tíì pòfo. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́dún 1954, Màmá Emma Gatewood, abiyamọ ọlọ́mọ 11, gbéra lójú ọ̀nà Appalachian ní Amẹ́ríkà, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Wọ́n ṣìnà, awò ojú wọn fọ́, wọ́n padà sílé. Lọ́dún 1955, wọ́n gba orí kejì ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́ni ọdún 67. Bàtà aṣọ ni wọ́n wọ̀, àpò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán ni wọ́n gbé kọ́ èjìká, kọ́tìnì balùwẹ̀ ni wọ́n fi ń bo òjò. Wọ́n rìn ín parí.

Ẹ gbé ẹrù yín sórí òṣùwọ̀n lálẹ́ òní. Ohun tí ẹ ò bá lè sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́nà, ẹ yọ ọ́ sílé.