Fífi Fáìlì Yorùbá Ránṣẹ́ sí Orí Ìtàkùn Àgbáyé: Ìlànà àti Ìṣọ́ra fún Olùkọ́ Èdè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí fáìlì ṣe ń kúrò nínú kọ̀ǹpútà olùkọ́ lọ sínú kọ̀ǹpútà apèsè, èyí tí ó ń gbé ojú ewé síta fún àwọn tí ó ń ka ohun tí ó wà lórí ìtàkùn àgbáyé. Ó fi hàn pé iṣẹ́ náà kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, ṣùgbọ́n pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà lè bàjẹ́ bí olùránṣẹ́ kò bá ṣọ́ra. Ó parí pẹ̀lú àbá lórí bí wọ́n ṣe lè kọ́ iṣẹ́ náà ní kíláàsì.

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ èdè ti ń tẹnu mọ́ ọn pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ohun tí ó yàtọ̀ lóde òní ni pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà kì í ṣe ti bébà nìkan mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń ka Yorùbá lójú fóònù kí wọ́n tó kà á nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí: oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ibi tí àgbẹ̀ ń lọ ni oko. Ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó ni ọkọ. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè ni ọkọ́. Ohun ìrìnnà ni ọkọ̀. Bí àmì bá bọ́ lára wọn, ‘oko’ kan ṣoṣo ni ó kù. Ọmọ tí ó ń kọ́ èdè yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Nítorí náà, ẹni tí yóò gbé Yorùbá sórí ìtàkùn àgbáyé gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ẹrù rẹ̀ ń gbà kọjá.

Àrokò ni a lè fi ọ̀rọ̀ náà wé. Ẹni tí ó ru àrokò láyé àtijọ́ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ojúṣe rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí ó dé bí wọ́n ti dì í. Bí ẹyọ owó kan bá já bọ́ lójú ọ̀nà, ìtumọ̀ ti yí padà. Bákan náà ni ètò ìfiránṣẹ́ fáìlì rí: kò mọ èdè tí ó rù.

Bí Ìlànà Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní FTP ti wà ṣáájú ìtàkùn àgbáyé fúnra rẹ̀. Abhay Bhushan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1971. Ní 1985 ni wọ́n tún un kọ sí ọ̀nà tí ó di ìpìlẹ̀ fún ti òde òní. Ọ̀nà méjì ni FTP ń lò. Ẹnu ọ̀nà 21 ni àṣẹ ń gbà kọjá, fáìlì sì ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. Àléébù ńlá rẹ̀ ni pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ń lọ ní ìhòòhò. Ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà lè kà wọ́n.

Èyí ni ó mú kí SFTP wọ́pọ̀ lónìí. Orí ìlànà SSH, tí Tatu Ylönen ṣe ní ilẹ̀ Finland ní 1995, ni ó jókòó lé. Ẹnu ọ̀nà 22 ni ó máa ń lò, ó sì ń fi aṣọ bo gbogbo ohun tí ó bá gbé. Ètò ọ̀fẹ́ bíi FileZilla àti WinSCP lè ṣe méjèèjì. Láyé ìgbà kan, ènìyàn lè fi aṣàwákiri lásán wo ibùdó FTP, ṣùgbọ́n ní 2021 ni Chrome àti Firefox yọ agbára yìí kúrò.

Ìgbésẹ̀ Ìfiránṣẹ́

Èkínní, olùkọ́ yóò gba ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà apèsè: orúkọ ibùdó, orúkọ oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà.

Èkejì, yóò ṣí ètò náà, yóò yan SFTP, yóò sì tẹ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ètò yóò béèrè bóyá ó gba kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà apèsè náà gbọ́. Kò yẹ kí ó kàn tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Kí ó fi í wé èyí tí ẹni tí ó ni ibùdó fún un.

Ẹ̀kẹta, ojú ètò yóò pín sí méjì. Nínú FileZilla, apá òsì ni kọ̀ǹpútà olùkọ́, apá ọ̀tún sì ni kọ̀ǹpútà apèsè. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, fódà tí aráyé ń rí ni èyí tí wọ́n pè ní public_html. Ohun tí ó bá wà lóde fódà náà, òǹkàwé kò ní rí i.

Ẹ̀kẹrin, yóò fa fáìlì láti òsì sí ọ̀tún, yóò sì dúró kí ó dé tán. Bí iná bá lọ tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ètò lè máa bá fáìlì ńlá lọ láti ibi tí ó dúró sí, bí kọ̀ǹpútà apèsè bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, yóò ṣí ojú ewé náà nínú aṣàwákiri, yóò sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí títí olùránṣẹ́ yóò fi rí i pé ohun tí ó dé ni ohun tí ó rán.

Orúkọ fáìlì náà gba ìṣọ́ra. Lórí kọ̀ǹpútà apèsè tí ó ń lo Linux, ‘Ewi.html’ àti ‘ewi.html’ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó dára kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà kékeré, láìsí àlàfo, láìsí àmì. Inú fáìlì ni kí àmì ohùn wà. Ní ti àṣẹ ìlò, 644 ni ó wọ́pọ̀ fún fáìlì, 755 sì ni fún fódà. 777 dà bí ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lóru.

Ibi tí Àmì Ohùn Ti Ń Bàjẹ́

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Nínú ètò UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, báìtì mẹ́ta ni ‘ẹ’ ń gbà. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ‘ẹ́’. ‘Ẹ’ ni wọ́n ń kọ tẹ̀ lé àmì òkè, tí àmì náà sì ń gba báìtì méjì, tí gbogbo rẹ̀ fi di márùn-ún. Bí aṣàwákiri bá ka báìtì wọ̀nyí pẹ̀lú ètò àtijọ́ ti àwọn ará Yúróòpù, ‘ẹ’ yóò di ‘áº¹’, ‘ṣ’ yóò sì di ‘á¹£’. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìrìnnà ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nígbà tí fáìlì dé ní pípé, tí ó jẹ́ pé kíkà rẹ̀ ni wọ́n ṣì.

Ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ méjì. Kí òǹkọ̀wé fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, kí ó sì kéde UTF-8 ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé. Fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀, tí ó jẹ́ pé àwòrán lẹ́tà nìkan ni ó jọ Yorùbá, gbọ́dọ̀ di yíyí padà kí ó tó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, jágbajàgba ni yóò jẹ́.

Ewu kan tún wà tí ó jẹ́ ti ìrìnnà gan-an. FTP ní ipò méjì, ti ọ̀rọ̀ àti ti báìtì gẹ́lẹ́. Ipò ti ọ̀rọ̀ máa ń pààrọ̀ àmì òpin ìlà, nítorí Windows àti Linux kì í fi àmì kan náà parí ìlà. Bí wọ́n bá fi ipò yìí rán àwòrán tàbí ohùn arẹ̀mọ́lẹ́kún tí wọ́n gbà sílẹ̀, ó lè dé ní bíbàjẹ́.

Àbá fún Ìkọ́ni

Àìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò yẹ kí ó dá ẹ̀kọ́ yìí dúró. Olùkọ́ lè sọ kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá di apèsè, kí àwọn yòókù sì máa fi fáìlì ránṣẹ́ sí i láàárín ara wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rán fáìlì kékeré tí ó ní oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nínú. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dé láìyẹsẹ̀, kí ó tó rán iṣẹ́ gidi.

Iṣẹ́ gidi náà lè jẹ́ oríkì ìdílé tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà. Kí ó gba ìyọ̀ǹda àgbà náà kí ó tó gbé e síta, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà sọ fún ọmọ ilé ni ó fẹ́ kí aráyé gbọ́. Kí ó sì ní ẹ̀dà mìíràn ní ibi méjì ó kéré tán. Kọ̀ǹpútà apèsè kì í ṣe àká. Bí owó ibùdó bá tán, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́, àgbà tí ó kì í sì lè ti wọ káà ilẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fífi fáìlì ránṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé báìtì dé pé. Olùkọ́ Yorùbá nìkan ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ dé pé. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ni àwọn àgbà wí. Ètò kọ̀ǹpútà yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ti rán an gẹ́lẹ́. Ojú olùkọ́ ni ó kù tí yóò fi ti ọmọ kún un.