Awọ, Tàdáwà àti Wúrà: Ìdí Tí Ìwé Ìmọ̀ràn Ọba Fi Pẹ́ Láyé

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí ìwé kan lónìí. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Christ Church ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Ìngílándì. Akọ̀wé ọba kan tó ń jẹ́ Walter de Milemete ló kọ ọ́ ní èdè Látìnì láàárín ọdún 1326 sí 1327. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni iyì, ọgbọ́n àti òye tó yẹ ọba. Edward Kẹta ló kọ ọ́ fún, ẹni tí wọ́n dé ládé ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1327. Ọmọ ọdún 14 péré ni. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ lórí oyè. Ẹ ò rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìmọ̀ràn àgbà.

Ìwé náà ti tó nǹkan bí 700 ọdún báyìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá gbé ìwé ìròyìn àná sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò pọ́n, yóò sì máa fọ́ lọ́wọ́. Kí ló fà á tí èyí kò fi parẹ́? Kò sí idán níbẹ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n fi ṣe ìwé náà ló ní ìdí tirẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ojú ewé la ó kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe bébà. Awọ ẹran ni, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní parchment. Ẹ jẹ́ ká pè é ní awọ ìkọ̀wé. Bí ẹ bá ti dúró ti ẹni tó ń ṣe ìlù gángan rí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Wọ́n á rẹ awọ ọmọ màlúù, ti àgùntàn tàbí ti ewúrẹ́ sínú omi ẹfun. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n tó pò ó mọ́ omi. Omi yìí máa ń jẹni lára bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó ń jẹ gbòǹgbò irun, irun á sì tú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi okùn na awọ náà sórí férémù onígi, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ tó tẹ̀ bí oṣù tuntun ha á, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń nà án? Nínú awọ, àwọn fọ́nrán tín-ínrín kan wà tí à ń pè ní kọ́lájìn. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí kànrìnkàn tí a fi ń wẹ̀. Bí omi bá ń gbẹ lára awọ tí okùn sì ń fà á, àwọn fọ́nrán yìí á sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀kan lórí èkejì, wọn á sì gan síbẹ̀. Awọ tó lọ́ mọ́ra tẹ́lẹ̀ á wá di ojú ewé tó tẹ́jú, tó funfun, tó sì le.

Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá kan, ọ̀rinrin ni. Ẹ rántí pé nígbà òjò, awọ ìlù máa ń dẹ̀, onílù á sì gbé e sínú oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àwọn fọ́nrán náà ló fa omi mu, tí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe awọ ìkọ̀wé: bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, yóò fẹ́ ká padà bí ó ti wà lára ẹran. Ìdí nìyẹn tí àwọn aránwèé ayé ìgbà náà fi ń fi pákó méjì há irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìkọ́ dè é pa.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí tàdáwà. Agbọ́n kékeré kan wà tó máa ń yé ẹyin sára igi óòkù. Ibi tó yé e sí á wú, á di kókó róbótó yí ọmọ agbọ́n náà ká. Inú kókó yìí kún fún táńìnì, èròjà kan náà tó ń fún wa lẹ́nu bí a bá jẹ obì. Wọ́n á fọ́ kókó náà, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á wá fi iyọ̀ kan tí irin wà nínú rẹ̀ sí i, pẹ̀lú oje igi tó ń lẹ̀. Ẹ wo ọ̀bẹ irin tí a fi bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n: kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi dúdú. Irin ló pàdé táńìnì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò tàdáwà nìyẹn.

Bí akọ̀wé bá kọ́kọ́ fi í kọ̀wé, kì í tíì dúdú tán. Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń yí irin inú rẹ̀ padà, tí irin náà á fi di táńìnì mú ṣinṣin, tí dúdú rẹ̀ á sì jáde. Nígbà náà, tàdáwà ti wọ inú awọ. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, omi kò ràn án. Ọ̀bẹ ló ń fi ha á kúrò.

Wúrà ló kàn. Wọ́n ń fi òòlù lu wúrà títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, débi pé èémí lásán lè gbé e fò. Ayàwòrán á kọ́kọ́ fi ẹfun, gọ́ọ̀mù àti ohun dídùn díẹ̀, bí oyin tàbí ṣúgà, ṣe òkìtì kékeré sórí awọ, á sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, á súnmọ́ ọn, á ya ẹnu, á sì mí hàà sí i lórí. Ọ̀rinrin wà nínú èémí ènìyàn. Ohun dídùn yẹn á fà á mọ́ra, gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ á tún máa lẹ̀. Kíá ni yóò tẹ́ wúrà lé e, tí yóò sì fi eyín ajá tàbí òkúta dídán ra á títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Nítorí pé ó yọ sókè, ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, yóò bá a.

Irin máa ń dípẹtà torí pé ó ń dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn. Fàdákà máa ń dúdú torí pé èròjà imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ máa ń mú un. Wúrà kì í bá èyíkéyìí nínú méjèèjì da nǹkan pọ̀. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà.

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tó gbé àwòrán dúró, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn àwòrán inú ìwé náà. Nǹkan kan tó rí bí akèrègbè ńlá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ọfà ńlá yọ lẹ́nu rẹ̀, ó dojú kọ ẹnu-ọ̀nà ilé olódi. Ọmọ ogun kan tó wọ ẹ̀wù irin na ọ̀pá tó ní iná sí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbá ni! Kò sí àwòrán àgbá kankan tí a mọ̀ ní Yúróòpù tó ṣáájú èyí.

Báwo ni àgbá ṣe ń ṣiṣẹ́? Iná kì í jó láìsí ọ́síjìn; bí a bá da ìkòkò bò ó, yóò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù yàtọ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, láti ara èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní saltpetre. Iyọ̀ yìí gbé ọ́síjìn tirẹ̀ pọ̀n, nítorí náà ẹ̀tù lè jó nínú ibi tí a dé pa. Ó ń jó wàrà, ó ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ̀ sí i, kò sì sí ọ̀nà àbájáde ńlá fún un ju ẹnu àgbá lọ. Ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ ni yóò tì jáde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ tí Milemete kọ kò dárúkọ àgbá rárá. Ayàwòrán nìkan ló fi í hàn. Ní ọdún 1346, nígbà tí ọmọdé náà ti di ọba ńlá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lo àgbá nínú ogun Crécy, ní ilẹ̀ Faransé. Edward kú ní ọdún 1377. Àwọn tó ha awọ, tó rẹ kókó igi, tó sì mí sórí wúrà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ náà ló sì gbé ẹ̀rí àgbá yẹn dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún rí onílù tó gbé gángan sínú oòrùn, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan awọ náà bó ṣe ń le padà. Ẹ ti fọwọ́ kan ojú ewé ìwé ọba nìyẹn.