Ẹ Bi Omi Léèrè Kí Ẹ Tó Da Ẹja Sí I

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀kọ́ òní dá lórí ẹja sísìn. Àwọn kan nínú yín ti gbẹ́ adágún ẹja, àwọn mìíràn sì ń rò ó. Ẹ máa ka ìpín kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá parí ìpín kan, ẹ dúró, kí ẹ sọ ohun tí ẹ kà fún ẹni tó jókòó tì yín.

1. Kí ló ń ṣe ẹja?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àgbẹ̀ kan gbẹ́ adágún. Ó ra ọmọ ẹja ẹpìyà, ó dà wọ́n sómi. Ojoojúmọ́ ló ń fún wọn lóúnjẹ. Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹja kò tóbi. Òjò ńlá kan rọ̀. Kò pẹ́ sí i, òkú ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Kí ni àwa ènìyàn máa ń sọ? Àwọn kan á ní ẹni tó ta ọmọ ẹja ló rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Àwọn mìíràn á ní aládùúgbò ló da oògùn sómi. Ariwo ta, ìjà dé, ará ilé méjì kò kí ara wọn mọ́. Owó ti lọ, ìrẹ́pọ̀ náà sì ti lọ.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè. Omi ni ẹlẹ́rìí náà. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi bí a ṣe ń bi omi léèrè hàn yín.

2. Kíkan àti káún

Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ fún omi rẹ̀ sínú ife. Ẹ tọ́ ọ wò: ó kan. Ẹ wá gún káún díẹ̀, kí ẹ dà á sí i. Ẹ rí i bí ó ti ń hó? Káún ń pa kíkan omi ọsàn. Bí káún bá pọ̀ tó, kíkan á tán. Bí káún bá kéré, káún á tán, kíkan á sì ṣẹ́kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi adágún rí. Kíkan ń wọ inú rẹ̀ láti ibi púpọ̀. Ó ń wá láti inú ilẹ̀ pupa tí òjò ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń wá láti ara ewé tó ń jẹrà. Ó ń wá láti inú èémí ẹja fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà nínú omi tí yóò máa pa kíkan yìí. Ohun náà ni a ó máa pè ní agbára apakíkan.

Níbo ni agbára apakíkan ti ń wá? Òkúta ẹfun ló ń bí i, nígbà tí ó bá yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Omi tó gba àárín òkúta ẹfun kọjá máa ń ní in púpọ̀. Omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá.

Ẹ má ṣe da ohun méjì pọ̀. Bí omi ṣe kan tó lónìí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Agbára tí omi ní láti pa kíkan tó ń bọ̀ lọ́la, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lónìí lè má ní kọ́bọ̀ nípamọ́. Bí àìsàn bá dé, ojú á pọ́n ọn. Omi tí kò kan lónìí náà lè má ní agbára kankan nípamọ́. Òjò ńlá kan ṣoṣo lè yí i padà.

3. Ọ̀sán àti òru nínú adágún

Omi adágún tó dára máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Àwọn ohun ọ̀gbìn tín-ín-tìn-ìn-tín ló fún un ní àwọ̀ náà. Ẹpìyà máa ń jẹ wọ́n.

Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ń ràn, àwọn ohun ọ̀gbìn yìí ń fa èémí tí ẹja mí jáde. Kíkan omi á dín kù. Lóru, wọn kì í fà á mọ́. Àwọn náà ń mí bí ẹja ti ń mí, kíkan á sì tún pọ̀ sí i. Lójoojúmọ́ ni omi ń lọ tó ń bọ̀ báyìí.

Bí agbára apakíkan bá pọ̀, lílọ àti bíbọ̀ yìí á kéré. Ẹja kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí agbára apakíkan bá kéré, omi á máa kan ní ìdájí, á sì dà bí omi káún ní ọ̀sán. Ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ẹrù ni: ìgbì kékeré á máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹja tó ń jẹ irú ìyà yìí lójoojúmọ́ kò ní jẹun dáadáa, kò sì ní tètè dàgbà. Àwọn ohun ọ̀gbìn kéékèèké náà kò ní pọ̀, oúnjẹ ẹja á sì dín kù.

4. Bí a ṣe ń wọn omi

Bébà kan wà tí a fi ń wọn kíkan. A ó tì í bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. A ó fi àwọ̀ náà wé èyí tó wà lára páálí rẹ̀, a ó sì ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. 7 ni àárín. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 kan. Ohun tó bá ju 7 lọ dà bí omi káún. Láti 6,5 dé 9 dára fún ẹja. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 4, tàbí tí ó ju 11 lọ, ẹja á kú.

Ẹ wọn omi ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí 7 ní ìdájí àti 8 ní ọ̀sán, ó dára. Bí ẹ bá rí 6 ní ìdájí àti 9 tàbí 10 ní ọ̀sán, agbára apakíkan kò tó.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja lè wọn agbára apakíkan gan-an. Ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ gbé e lọ bá wọn. Wọn á sọ iye míligíráàmù tó wà nínú lítà kan. Bí kò bá tó 20, omi náà nílò ẹfun. Láti 50 dé 150 dára púpọ̀.

5. Ẹfun wo ni kí a lò?

Lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun ló dára jù. Òkúta yìí wà nítòsí wa. Òun ni wọ́n ń wà ní Onigbolo, ní ìpínlẹ̀ Plateau ní Bẹ̀nẹ̀, láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Wọ́n ń wà á ní Tabligbo ní Tógò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹfun. Ẹ má ṣe da sìmẹ́ńtì sínú adágún.

Ìkarahun ìgbín àti ti ẹran inú òkun náà ní ohun kan náà nínú. Bí ẹ bá lò ó, ẹ gún un kúnná. Èyí tí kò kúnná kì í tètè yọ́.

Ẹfun sísun yàtọ̀. Èyí ni òkúta ẹfun tí a ti fi iná sun. Bí omi bá kàn án, á gbóná, á sì máa hó. Ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bí a bá dà á sínú omi tí ẹja wà, ó lè pa gbogbo wọn.

Báwo ni a ṣe lè mọ méjèèjì yàtọ̀? Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú náà. Òkúta ẹfun tí a kò sun á hó bí káún, ṣùgbọ́n kò ní gbóná. Bí ó bá gbóná, ẹfun sísun ni. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án.

6. Ìṣirò wa

Fún ilẹ̀ tó kan, a máa ń lo 10 sí 20 kílò lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun fún 100 mítà onígun mẹ́rin.

Adágún kan gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 10.
20 × 10 = 200 mítà onígun mẹ́rin.
200 jẹ́ 100 lọ́nà méjì.
2 × 10 = 20 kílò. 2 × 20 = 40 kílò.
Nítorí náà, a nílò 20 sí 40 kílò.

Ẹ gbẹ omi adágún náà. Ẹ fọ́n ẹfun yí ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ara ògiri rẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ rò ó pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ tún omi wọ̀n. Ìgbà tí nọ́ńbà bá dára ni kí ẹ tó da ọmọ ẹja sí i.

7. Ohun mẹ́rin tí ó yẹ kí ẹ rántí

Èkíní: ẹ má ṣe da ẹfun àti ajílẹ̀ sómi lọ́jọ́ kan náà. Ẹfun máa ń gba agbára ajílẹ̀.

Èkejì: bí omi bá ń wọlé tó sì ń jáde lójoojúmọ́, á gbé ẹfun lọ. Ẹ dí ojú omi náà kí ẹ tó ná owó yín.

Ẹ̀kẹta: bí ẹja bá ń yọ ẹnu sójú omi ní ìdájí, atẹ́gùn ni kò tó wọn. Ẹfun kò wo èyí sàn. Ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ sì da omi tuntun sí i.

Ẹ̀kẹrin: àgbá sìmẹ́ńtì tuntun máa ń mú omi dà bí omi káún jù. Ẹ pọn omi kún un, kí ẹ dà á nù, lọ́pọ̀ ìgbà, títí nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi wà nísàlẹ̀ 9.

8. Ìbéèrè

1. Ta ni ẹlẹ́rìí tí a kò bi léèrè?
2. Kí ló dé tí omi òjò kò lè pa kíkan?
3. Ìgbà mélòó ni a ń wọn omi lóòjọ́? Ìgbà wo sì ni?
4. Adágún kan gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 10. Kílò ẹfun mélòó ló nílò?
5. Ẹja aládùúgbò yín kú, ó sì ń fura sí ènìyàn. Kí ni ẹ ó sọ fún un?

Iṣẹ́ ilé: kí ẹni tó ní adágún bu omi rẹ̀ sínú ìgò wá sí kíláàsì tó ń bọ̀. A ó jọ fi bébà wọ̀n ọ́n, a ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára pátákó.