Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Mi Ń Tóbi Sí I

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ màmá mi nítorí àìsàn kíndìnrín. Ní báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń tóbi, eyín wọn sì ń jìnnà síra. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, fọ́síféètì á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́mù á sì dínkù. Àwọn ẹṣẹ́ parathyroid, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ 4 ní ọrùn, á wá máa ṣiṣẹ́ àṣejù, wọn á máa fa kálísíọ́mù jáde látinú egungun. Èyí lè mú kí egungun ojú wú. Ẹ ní kí dókítà wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ àti egungun wọn wò. Oògùn wà, iṣẹ́ abẹ náà wà. Ìtọ́jú lè dá wíwú náà dúró, ṣùgbọ́n ojú kì í sábà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi falẹ̀.