Iná Ìbọn Ọkọ̀ Òfuurufú Lóru

Bí ìjì bá ń bọ̀ láti ojú òkun lóru, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Satellite Town mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ rí mànàmáná kí ẹ tó gbọ́ àrá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbọn àgbá inú ọkọ̀ òfuurufú. Ojú a rí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró a lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí ó tó rin kìlómítà kan. Lọ́sàn-án, oòrùn a bo iná náà mọ́lẹ̀ bí ó ti ń bo ìràwọ̀.

Iná kan a bú jáde lẹ́nu ìbọn nígbà tí èéfín gbígbóná ẹ̀tù bá pàdé afẹ́fẹ́. Kíákíá ni í kú, ṣùgbọ́n ó lè dá ojú awakọ̀ rú, ojú tí ó ti lo nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára. Iná kejì wà nídìí àwọn ọta kan, níbi tí a di ẹ̀tù tí ń jó pupa sí, kí ayìnbọn lè rí ipa ọta rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a yìn ín sí náà a rí ibi tí ó ti wá!

Nígbà Ogun Abẹ́lé wa (1967 sí 1970), òru ni àwọn ọkọ̀ tí ń gbé oúnjẹ lọ sí Uli fi ṣe ààbò, nítorí ojú lásán ni awakọ̀ MiG-17, oníbọn àgbá mẹ́ta, fi ń wá wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1969, ọkọ̀ DC-7 kan ti Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa dé kí ilẹ̀ tó ṣú. MiG-17 yìn ín lulẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ẹgbẹ́ náà dá ìrìn àwọn ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ebi sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.