Adìẹ Méje ní Ẹ̀yìnkùlé

Kò sí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ògùn Waterside tí adìẹ kò sí. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ìyá kan léèrè iye adìẹ tí ó ní, ó lè jẹ́ iye tí ó ní kí ọyẹ́ tó dé ni yóò sọ fún yín. Lúkúlúkú ni ó kó ìyókù lọ.

Láàárín ọdún 1952 sí 1953 ni àwọn oníṣègùn ẹran kọ́kọ́ kọ ìròyìn àrùn yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Newcastle ni orúkọ rẹ̀ ní èdè òyìnbó. Kò sí oògùn tí í wo adìẹ tí ó bá ti mú sàn. Àjẹsára ni ààbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn adìẹ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sáré lọ sí ọjà. Kí ó kọ́ ilé wọn ná, kí ó sì bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi dárúkọ aládùúgbò yóò hàn níwájú.

Àkùkọ kan àti àgbébọ̀ mẹ́fà tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, gbà wọ́n láti sùn. Ẹ gbé e sórí òpó tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ejò àti ológbò igbó má baà rí wọn mú. Ẹ fi igi gbọọrọ sí inú rẹ̀ tí wọn yóò máa bà lé lóru, ẹ má sì ṣe dí i pa, nítorí adìẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àjákù pákó kò ṣòro rí ní àwọn sọ́mìlì. Ní Ìwopin, Mákùn-Omi àti àwọn ìlú etí ọ̀sà, ọparun ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n kí òpó ibẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí omi.

Ní ti oúnjẹ, a kò ní sọ púpọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ mọ bí a ti í jẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́ yóò tún kọ́ wọn láti máa wọlé sùn. Èèpo gbágùúdá tí àwọn oníṣẹ́ gàrí ń dà nù wúlò, ṣùgbọ́n ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gún un, nítorí májèlé wà nínú èyí tí ó tútù. Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba. Nígbà tí ó bá pamọ, ẹ fi agọ̀ bo ìyá àti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àṣá má baà gbé wọn.

Nísinsìnyí a padà sí lúkúlúkú. Adìẹ tí ó mú yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, apá rẹ̀ yóò máa wọ́ nílẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ní àwọ̀ ewé, ọrùn ẹlòmíràn yóò sì lọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ilé adìẹ lè ṣófo.

Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jọs, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Èyí tí à ń pè ní I-2 ni ó bá adìẹ ilé mu jù, nítorí ó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀kán kan ni a ń kán sí ojú adìẹ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ àkùkọ tàbí òròmọdìẹ, a sì ń tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ìgò àjẹsára kan lè tó igba adìẹ, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣeé fi pamọ́ fún ìgbà mìíràn. Ẹni tí ó ní adìẹ méje yóò rò pé ìnákúnàá ni. Yóò jókòó, àrùn yóò sì dé. Bẹ́ẹ̀ ni adìẹ rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ jùmọ̀ ń jẹ̀ ní ààtàn kan náà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe ni pé kí ilé mẹ́wàá tàbí ogún pa owó pọ̀, bí ìgbà tí a ń ṣe àáró lóko. Òpópó kan ṣoṣo ní Òkè-Àgbò tàbí Òjòwò lè kó igba adìẹ jọ. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má gbàgbé àwọn ayálégbé. Adìẹ tiwọn náà ń jẹ̀ ní ààtàn yín.

Ẹ yan ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí olúkúlùkù ti adìẹ rẹ̀ mọ́lé, kí òṣìṣẹ́ ìṣègùn ẹran lè bá wọn níbẹ̀ ní kùtùkùtù. Adìẹ tí ń sùn lórí igi ọ̀sàn kò ní jẹ́ kí a mú òun. Ìdí mìíràn nìyí tí a fi ní kí ilé ṣáájú.

Adìẹ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nílé. Bí lúkúlúkú bá sì wọlé pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ má ṣe sáré gbé àwọn tí ó kù lọ sí ọjà, nítorí ẹni tí ó bá rà wọ́n yóò gbé àrùn náà délé. Èyí tí ó bá kú, ẹ sun ún tàbí kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí ó jìn. Ẹ má ṣe jù ú sí odò tàbí ọ̀sà. Ẹ fọ ilé wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣófo fún oṣù kan, ó kéré tán, kí ẹ tó ra òmíràn.