Kí Á Tó Sọ Pé Àjẹ́ Ló Ké

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n nígbà tí iyè òbí ẹni bá ṣàdédé rà, ó lè ṣi ọmọ lọ́nà. Ìyá ń sọ ìsọkúsọ lóru, ará ilé ní wọ́n ti ń jẹ́wọ́. Bàbá ń pe ọ̀rẹ́ wọn tó ti kú, ẹbí ń sáré wá wòlíì. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá nǹkan kan. Wọ́n ní arán ni, ogbó ló dé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ogójì ọdún ni ìyá mi fi ta aṣọ òkè lọ́jà Òjé n'Ìbàdàn. Wọn kò kọ gbèsè sínú ìwé rí. Orí ni wọ́n ń kó o sí, kọ́bọ̀ kan kì í sọnù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n wọ bùbá sódì, wọ́n fi ìborùn di ẹja yíyan, wọ́n tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ọkọ mi ò sí nílé." Ọdún kọkànlá rèé tí bàbá mi ti kú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti lọ sunkún.

Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá ni pé: "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?" Èkejì: "Oògùn wo ni wọ́n ń lò?" Ẹ̀gbọ́n mi da gbogbo oògùn wọn sórí tábìlì: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn, àti èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísì fún ara ríro. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn wà nínú ìtọ̀ wọn. Dókítà wo àrùn náà, ó dá oògùn ọ̀fìnkìn dúró. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá mi wò mí lójú, wọ́n ní, "Ṣé oníbàárà Ìṣẹ́yìn yẹn ti san ẹgbẹ̀rún méjìlá tó kù?"

Nítorí náà, ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Iyè tó rà láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ibà, àìmu omi tó, ṣúgà tó já wálẹ̀, oògùn tí kò bá ara mu, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń dà sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn lè fà á. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan bá rọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń yọ́ wá láti oṣù dé oṣù, tó di pé wọ́n ń ṣìnà ilé ara wọn, lè jẹ́ àrùn ọpọlọ bí irú èyí tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1906. Ogbó lásán kọ́. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn tó ti pé ọdún 65 wò ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 1995: bíi 2 péré nínú 100 ni irú àrùn iyè-ríra bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bó bá jẹ́ ogbó ni, gbogbo arúgbó ni ì bá mú.

Kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ máa gbàdúrà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ìṣubú, oúnjẹ àti oorun. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, àgbo pẹ̀lú. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Bí wọ́n bá fi orúkọ ẹlòmíràn pè yín lóru, ẹ jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.